Ọ̀nà Ẹ̀yìnkùlé Kì Í Ṣe Ọrẹ

Nether Wenlow
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹta, 1996

Judith ọmọ mi,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. Neil ọkọ rẹ ńkọ́? Bridget ńkọ́? Mo lérò pé oòrùn Ọsirélíà ò tíì yan yín gbẹ. Níbí, òtútù ṣì ń mú, àmọ́ òdòdó ti ń yọrí lábẹ́ igi ápù, mo sì ti fọ aṣọ fèrèsé kí àwọn ará ìta má bàa fọ̀ ọ́ fún mi lẹ́nu.

Fọ́tò yàrá tuntun tẹ́ ẹ kọ́ sẹ́yìn ilé yín dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Yàrá náà dára. Fèrèsé rẹ̀ fẹ̀. Ẹni tó bá máa gbé inú rẹ̀ á gbádùn ẹ̀ gan-an. Kì í ṣe èmi.

Má tíì fajú ro, nǹkan ti ṣẹlẹ̀ ní Nether Wenlow. O ò ní gbà mí gbọ́, torí ìgbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀ níbí kẹ́yìn ni ọjọ́ tí màlúù wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀gbẹ́ni Farrant, ará Lọ́ńdọ̀nù tó ra oko olóògbé Major Rudge ní ọdún méjì sẹ́yìn, ti dí ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé wa. Ó tú àtẹ̀gùn igi tá a fi ń gun ọgbà kọjá, ó kan pákó dípò ẹ̀, ó na wáyà ẹlẹ́gùn-ún lé e lórí, ó sì kọ ọ́ gàdàgbà pé: ILẸ̀ ADÁNI.

Ìwọ náà mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ọ̀nà yẹn ni mo ń gbà dé ṣọ́ọ̀ṣì, dé ìsọ̀, dé ibi tí bọ́ọ̀sì ti ń gbé wa lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì. Títì ọlọ́kọ̀ nìkan ló kù, ibi tí àwọn lọ́rì tó ń kó òkúta ti ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé, tí kò sì sí ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ lè fẹsẹ̀ sí. Mo ti gba ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kẹta, afẹ́fẹ́ lọ́rì kan gbá fìlà mi sínú kòtò.

Olive Skeet, aládùúgbò wa, dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ní, "Enid, ṣé o ò lè ta ilé yẹn, kó o lọ bá ọmọ rẹ?"

Mo ní, "Olive, ṣé o ò lè panu dé?"

Ọgọ́ta ọdún la ti mọra. Ẹnikẹ́ni ò sọ irú ẹ̀ sí ẹnikẹ́ni rí ní òpópónà wa. Láti ọjọ́ náà, kò ṣí aṣọ fèrèsé rẹ̀ tó kọjú sí mi.

Nítorí náà, kí ó yé ọ: bí mi ò bá ní ọ̀nà yẹn, mi ò lè dá gbé ilé yìí mọ́. Farrant mọ̀. Ìwọ náà mọ̀. Màá gba ọ̀nà náà padà. Wọ́n ní òfin kan wà ní kánsù nípa ọ̀nà tí àwọn èèyàn bá ti rìn fún ogún ọdún. Mo ti gba fọ́ọ̀mù, mo ń gbé e láti ilé dé ilé.

Ìyá rẹ.


Perth
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Kẹta, 1996

Màmá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú òtútù. Neil ń kí yín. Eyín méjì ti jábọ́ lẹ́nu Bridget, ó ní kí n bi yín bóyá tiyín náà ti ń jábọ́.

Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi lẹ́ẹ̀kan. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin lẹ pé. Nígbà òtútù èṣí, ẹ ṣubú síwájú ilé, oṣù méjì gbáko ló gbà yín kẹ́ ẹ tó sọ fún mi, ẹ sì ní, "Mo kàn jókòó sílẹ̀ díẹ̀ ni." Ta ní ń jókòó sínú yìnyín? Wọ́n ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ẹ wá sọ ọ̀nà kan ṣoṣo di ogun.

Ẹ má sọ pé àròyé nìkan ni mo mọ̀ ọ́n ṣe, mo ti bá yín tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Mo ti kọ̀wé sí Ọ̀gbẹ́ni Farrant fúnra mi. Ohun tí mo kọ nìyí:

"Ọ̀gbẹ́ni mi ọ̀wọ́n, ẹ ṣeun púpọ̀ fún inú rere yín tẹ́ ẹ fi ń gba ìyá mi láàyè láti gba orí ilẹ̀ yín kọjá, gẹ́gẹ́ bí Major Rudge náà ṣe gbà wá láàyè láti ìgbà tí mo wà lọ́mọdé. Ó máa dùn mọ́ wa bí ẹ bá lè tún ro ọ̀rọ̀ náà wò."

Ṣé ẹ rí i? Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò. Ẹ fi fọ́ọ̀mù yẹn sílẹ̀, kí ara yín lè sinmi.

Judith yín.


Nether Wenlow
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kẹrin, 1996

Judith,

Mo kí ọ.

Kí lo kọ yẹn? Ta ló rán ẹ níṣẹ́?

Farrant ti ṣe ẹ̀dà lẹ́tà rẹ. Ó fi ìṣó kékeré kàn án mọ́ pátákó ìkéde abúlé, láàárín orúkọ àwọn tó ń to òdòdó ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ìkéde ológbò tó sọnù. Ó fi yíǹkì pupa fàlà sábẹ́ "ẹ ṣeun" àti "gbà wá láàyè". Gbogbo abúlé ti kà á. Ẹnikẹ́ni ò sọ nǹkan kan fún mi, wọ́n kàn ń bi mí bóyá ara mi le, pẹ̀lú ohùn tá a fi ń kí opó.

Miss Haddow, obìnrin kánsù tó ń ràn wá lọ́wọ́, wá láti ìlú. Ó kà á, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ìyáàfin Lovekin, ta ló kọ èyí?"

"Ọmọ mi ni."

"Ẹ ní ọmọ mìíràn?"

"Òun nìkan ni mo bí."

"Áà," ló sọ. Áà nìkan.

Ó wá ṣàlàyé fún mi, mo sì ń ṣàlàyé fún ìwọ. Òfin ní kí a ti rin ọ̀nà náà fún ogún ọdún láìfi ipá rìn ín, láìyọ́ rìn ín, láìgba àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Láìgba àyè, Judith! Tó bá jẹ́ pé onílẹ̀ ló ṣojú àánú sí wa, ọrẹ ni. Ẹni tó ta ọ́ lọ́rẹ lè ní ó tó gẹ́ẹ́. Tìrẹ wá ni pé o jókòó sí Perth, o dúpẹ́ lọ́wọ́ òkú àti alààyè.

Àwọn mẹ́rìnlá ló ti buwọ́ lu fọ́ọ̀mù. Mẹ́sàn-án ló kù báyìí. Olive wá gba tirẹ̀ padà.

Ó ní, "Enid, tó bá jẹ́ pé Major ló fún wa láàyè, mi ò lè búra èké o."

"Major wo ló fún ẹ láàyè?"

"Judith ló sọ bẹ́ẹ̀."

"Judith wà ní Ọsirélíà!"

"Ó kàwé, Enid."

Ìwé ti pa mí. Jókòó, kó o kọ òótọ́ sí kánsù: ṣé o rántí ọjọ́ kan, ọjọ́ kan péré, tí ẹnikẹ́ni sọ fún wa pé "ẹ máa kọjá"? Kọ ọ́ kíákíá.

Ìyá rẹ.


Perth
Ọjọ́ kejì, oṣù Karùn-ún, 1996

Màmá,

Ẹ kú ìnáwó ọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Tá a bá ṣe Kérésìmesì tán, ilẹ̀ ò tíì ní mọ́ dáadáa tẹ́ ẹ ti máa mú mi jókòó sí tábìlì ìdáná, kí n máa kọ lẹ́tà ìdúpẹ́ sí gbogbo ẹbí. Ẹ mú mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Àǹtí Maud fún síńgílẹ́ẹ̀tì onírun àgùntàn tó ń yún mi lára títí di oṣù Kẹta. Mo sọ pé mi ò fẹ́ràn ẹ̀, ẹ ní, "Ta ló bi ẹ́ bóyá o fẹ́ràn ẹ̀? Kọ ọ́." Mo kọ ọ́. Ogójì ọdún ni mo ti ń kọ ọ́. Ẹ wá ń jágbe mọ́ mi pé mo dúpẹ́ jù!

Mi ò ní kọ nǹkan kan sí kánsù. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ tẹ́ ẹ ń bèèrè: kò dùn mí pé wọ́n dí ọ̀nà náà. Tí ọ̀nà bá dí, ẹ máa wá síbí. Yàrá wà nílẹ̀. Kí lẹ ní ní Nether Wenlow tó ju ìdákẹ́jẹ́ lọ? Tẹ́ ẹ bá kú síbẹ̀ lónìí, ọjọ́ tí bọ́ọ̀sì bá dé ni wọ́n á tó mọ̀.

Judith.


(Káàdì alàwòrán: ṣọ́ọ̀ṣì Nether Wenlow)
Ogúnjọ́, oṣù Karùn-ún, 1996

Òjò rọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ojú ọjọ́ mọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ̀wà ti ń tanná.

Tìrẹ ní tòótọ́,
E. Lovekin (Ìyáàfin)


Perth
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù Kẹfà, 1996

Màmá mi,

Ẹ dákun. Mo mọ irú káàdì yẹn. Irú ẹ̀ lẹ fi ń ránṣẹ́ sí Àǹtí Maud fún odindi ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn tẹ́ ẹ jà lórí tábìlì tí ìyá àgbà fi sílẹ̀. Ẹ ò bú u lẹ́ẹ̀kan. Ojú ọjọ́ nìkan lẹ ń sọ fún un títí ó fi kú.

Mo fóònù yín lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ní oúnjẹ wà lórí iná. Ní aago mẹ́ta ọ̀sán?

Ẹ bú mi, ẹ jọ̀ọ́.

Judith yín.


(Káàdì alàwòrán: ṣọ́ọ̀ṣì náà)
Ọjọ́ kẹta, oṣù Keje, 1996

Afẹ́fẹ́ díẹ̀.

E. L.


Perth
Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kẹjọ, 1996

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ ṣẹ́gun. Ohun tí mo kọ sí kánsù wà nínú àpò ìwé yìí, mo ti búra lé e níwájú lọ́yà níbí. Ẹ kà á kẹ́ ẹ tó fún Miss Haddow:

"Orúkọ mi ni Judith Anne Marsh, ọmọ Wilfred àti Enid Lovekin. Láti ìgbà tí mo ti lè rìn ni mo ti ń gba ọ̀nà náà, àti lójoojúmọ́ nígbàkigbà tí mo bá wálé láti Ọsirélíà, títí di ọdún 1994. Kò sí ẹni tó gbà wá láàyè rí. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, èmi àti bàbá mi pàdé Major Rudge níbẹ̀. Bàbá mi gbé elégédé ńlá kan tó fẹ́ gbé lọ síbi ìdúpẹ́ ìkórè. Major ló yà sínú èsìsì fún un. Ó ní, 'Ojú ọjọ́ dára, Lovekin.' Bàbá mi ní, 'Ó dára, Major.' Bàbá mi ò dúró. Mo bi í pé, 'Bàbá, ṣé ilẹ̀ Major kọ́ nìyí?' Ó ní, 'Ilẹ̀ Major ni. Ọ̀nà tiwa ni.'

"Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọ̀gbẹ́ni Farrant nítorí pé bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn. Ohun tí mo kọ nípa àyè kì í ṣe òótọ́. Ọ̀rọ̀ dídùn ni mo fẹ́ sọ."

Màmá, ẹ̀rù ló ń bà mí. Nígbà tí Bàbá kú, ọjọ́ kejì ìsìnkú ni mo tó dé. Mi ò fẹ́ kó tún rí bẹ́ẹ̀. Mo rò pé tí mo bá jẹ́ kí Farrant borí, màá jèrè yín. Ìwà yẹn ò dára, mo mọ̀. Ó tì mí lójú pé mo fi ọ̀tá ṣe alágbàṣe.

Judith.


Nether Wenlow
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kẹjọ, 1996

Judith ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ dé. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mi ò mọ ọ̀rọ̀ Major àti èsìsì yẹn tẹ́lẹ̀, Wilf ò sọ ọ́ fún mi. Mo rẹ́rìn-ín débi tí ajá àdúgbò fi gbó.

Miss Haddow ti gbà á. Ó ní mi ò gbọ́dọ̀ gé wáyà, mi ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan pákó. Nítorí náà, láàárọ̀ gbogbo ní aago mẹ́jọ, mo ń gbé apẹ̀rẹ̀ mi lọ dúró níwájú pákó yẹn fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Mi ò sọ̀rọ̀. Farrant máa ń wò mí láti fèrèsé ìdáná rẹ̀, ó ti kó tábìlì oúnjẹ àárọ̀ rẹ̀ lọ sí yàrá mìíràn.

Inú ṣì ń bí mi, àmọ́ ó ti rọlẹ̀. Fi fọ́tò Bridget àti eyín rẹ̀ ránṣẹ́.

Ìyá rẹ.


Nether Wenlow
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kẹta, 1997

Judith,

O kú ojú lọ́nà. Wọ́n ti gbọ́ ẹjọ́ náà lánàá, nínú gbọ̀ngàn abúlé. Aṣojú ìjọba wá, obìnrin tó gbó bíi tèmi, ó jókòó síbi tá a ti máa ń ta aṣọ àlòkù. Ẹsẹ̀ ò gbèrò. Ọ̀pọ̀ wọn ò tíì sọ bóyá tèmi ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n wá gbọ́ ni. Olive ló ń bójú tó tíì.

Farrant mú lọ́yà wá, ọmọkùnrin kan tó mọ́ tónítóní, Selwyn lorúkọ rẹ̀. Ó ka lẹ́tà rẹ sókè. Ó kà á dáadáa, bí ẹni ń ka Bíbélì. Ó wá kọjú sí mi.

"Ìyáàfin Lovekin, ọmọ yín ló kọ èyí?"

"Òun ni."

"Ó dúpẹ́ pé wọ́n gbà yín láàyè."

"Ó dúpẹ́."

"Èèyàn kì í dúpẹ́ fún ohun tó jẹ́ tirẹ̀, àbí?"

Gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́. O mọ bí a ṣe ń pa lọ́lọ́ níbí. O lè gbọ́ bí omi ṣe ń hó nínú ìkòkò tíì. Mo ní, "Ọ̀gbẹ́ni Selwyn, nígbà tí ẹni tó ń pín lẹ́tà bá fún yín ní lẹ́tà tí orúkọ yín wà lára rẹ̀, kí lẹ máa ń sọ?"

"Mo... mo máa ń ní kó ṣeun."

"Ṣé tirẹ̀ ni lẹ́tà náà?"

Ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. "Ìyáàfin, èmi ni mo ń bi yín léèrè."

"Ẹ bi mí."

"Ẹ ò wá sẹ́ pé ọ̀rọ̀ tó wà níbí..."

"Mi ò sẹ́. Ọmọ mi ló kọ ọ́, èmi ni mo kọ́ ọ. Tí èèyàn bá tẹ̀ wá lẹ́sẹ̀ lábúlé yìí, àwa la máa ń tọrọ àforíjì. Ṣé ẹni tó tẹ̀ wá ló wá ni ẹsẹ̀?"

"Ó ti tó, Ìyáàfin Lovekin. Ẹ ṣeun."

"Ẹ ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi báyìí," mo ní. "Kí ni mo fún yín?"

Judith, wọ́n rẹ́rìn-ín! Àwọn èèyàn Nether Wenlow, tí wọn kì í húkọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì! Aṣojú ìjọba gbé ìwé bo ẹnu. Àfi bí Olive ṣe gbé ago sílẹ̀ gbàgà, ó ní, "Èmi ti dúpẹ́ lọ́wọ́ ilẹ̀kùn rí! Èmi yìí! Ilé ìfowópamọ́ ni, ó dá ṣí fún mi."

Aṣojú ìjọba ní, "Ta nìyẹn?"

"Olive Skeet, Màmá. Mo mú fọ́ọ̀mù mi padà wá. Ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni mo ti ń rin ọ̀nà yẹn. Ẹni kan ò gbà mí láàyè, mi ò sì ráyè bèèrè."

Selwyn ní, "Ẹ ti kọ́kọ́ gbà á kúrò, Ìyáàfin Skeet. Kí ló yí yín lọ́kàn padà?"

"Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo bá títì lọ síbi bọ́ọ̀sì," Olive dáhùn. "Ẹ lọ gba ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ padà wá bi mí, tẹ́ ẹ bá lè padà wá."

Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ka ohun tí ìwọ kọ. Nígbà tí wọ́n dé "Ilẹ̀ Major ni, ọ̀nà tiwa ni", kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà ń mirí. Àwọn mẹ́rin yòókù tó gba fọ́ọ̀mù wọn padà ti mú un wá kó tó di ìrọ̀lẹ́, láìsọ nǹkan kan, bí ẹni ń dá àwo oúnjẹ padà.

A ń retí ìdájọ́. Mi ò mọ ibi tó máa já sí. Àmọ́ kí o mọ èyí: bí wọ́n bá ní tèmi ò dára, màá ṣì máa dúró níwájú pákó yẹn ní aago mẹ́jọ.

Ìyá rẹ.


Perth
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù Kẹrin, 1997

Màmá mi,

Mo ka lẹ́tà yín sókè fún Neil, ó ní kí n tún un kà. Bridget ti ń bi olùkọ́ rẹ̀ ní ilé ìwé pé, "Kí ni mo fún yín?" Wọ́n ti ránṣẹ́ pè mí.

Mo ṣì fẹ́ kẹ́ ẹ wá. Mi ò ní purọ́. Àmọ́ kó jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ fẹ́ wá, kó má jẹ́ pé ọ̀nà ló dí. Ẹ fi ìdájọ́ ránṣẹ́ lọ́jọ́ tó bá dé. Ẹ má kọ ọ́ sínú káàdì alàwòrán o, ẹ̀rù á bà mí.

Judith yín.


Nether Wenlow
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kẹfà, 1997

Judith ọmọ mi,

O kú àdúrótì. Neil àti Bridget ńkọ́?

A borí. Ìwé ìjọba dé lọ́jọ́ Ajé: ọ̀nà gbogbo ayé ni, wọn yóò fi í sínú máàpù, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ dí i mọ́ títí ayé. Mo kà á fún Olive lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ó ní, "Kò burú." Lábúlé yìí, ìlù àti ijó nìyẹn.

Nígbà òtútù, màá wá wo yàrá yẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àtàbọ̀. Kọ àtàbọ̀ yẹn sílẹ̀.

Lánàá, àwọn òṣìṣẹ́ kánsù wá fi ayùn gé pákó, wọ́n ká wáyà, wọ́n sì ri géètì kékeré kan mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Láàárọ̀ yìí, ní aago mẹ́jọ, mo gbé apẹ̀rẹ̀ mi, mo jáde. Òjò winniwinni ń rọ̀. Bí mo ṣe máa dé ibẹ̀, Farrant ló dúró sí ẹ̀gbẹ́ géètì, nínú bàtà òjò tuntun. Ó ti ṣí i, ó di í mú fún mi, ó tẹrí ba díẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Ìyáàfin Lovekin. Ẹ máa kọjá, mo gbà yín láàyè."

Mo dúró.

Ó ní, "Ẹ máa bọ̀ o, òjò ń pa yín."

Mo ní, "Ọ̀gbẹ́ni Farrant, ẹ ti géètì yẹn."

"Kí ni mo máa tì í fún? Mo ń ṣí i fún yín ni."

"Mo rí i. Ẹ tì í."

Ó wò mí. Mo wò ó. Olive yọ sí wa láti ẹ̀yìn ọgbà, òun náà gbé apẹ̀rẹ̀, ó dúró lẹ́yìn mi láìbéèrè nǹkan kan. Bí àwa mẹ́ta ṣe dúró sínú òjò nìyẹn, ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Omi ń kán sílẹ̀ ní etí fìlà mi. Nígbà tó sú u, ó ti géètì náà, ó yọwọ́ kúrò lára rẹ̀, ó gba inú koríko lọ sílé.

Mo wá fi ọwọ́ ara mi ṣí i, mo sì kọjá.

Ìyá rẹ,
Enid.